Pẹ́dà Ọlábọ̀dé Tí Mo Fi Sínú Àpò Mi

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tó ku bí oṣù méjì kí àbúrò mi kú, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Èsìé. Kókó kan ti já lára pẹ́dà gìtá rẹ̀, ó wá ń fi ìdérí ọṣẹ ìfọyín rọ́pò rẹ̀. Ìyá wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Sísítà mi, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi," Ọlábọ̀dé wí. "Òyìnbó tó ṣe é gan-an ò ní mọ̀ pé òun kọ́ ló fi í síbẹ̀."

"Ẹkún ni òyìnbó náà máa sun tó bá rí i," mo dá a lóhùn.

"Yé dààmú ọmọ mi," Màmá wí. "Ọlábọ̀dé, pè mí, ká mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà náà. Ó ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìka ti ìkejì lọ sókè. Àwẹ̀ró. Oríkì ìyá wa nìyẹn.

"Òo," Màmá dáhùn, bíi pé ènìyàn ló pè wọ́n, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe onígìtá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní pẹ́dà. Àpótí irin kékeré ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Wáyà gìtá á gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, á sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó kú. Ófádíráìfù ni àwa olórin ń pe irú èyí.

Pípẹ́ tó ń pẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Láti fi gìtá pe "Àwẹ̀ró", ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló ṣáájú, ohùn òkè ló kẹ́yìn. Ọlábọ̀dé kì í ta ẹ̀kẹta rárá. Okùn tó ta kẹ́yìn ló máa ń fi ìka tì lọ sókè títí á fi di "ró". Tí kò bá sí pẹ́dà, ohùn á ti kú kó tó gòkè débẹ̀. Tí pẹ́dà bá sì le jù, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Òmù-Àrán, mo ní yàrá kan níbẹ̀, àmọ́ mo máa ń wálé sí Èsìé ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi náà máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èsìé, àmọ́ Ọlábọ̀dé ló ń ṣáájú, èmi ló ń tẹ̀lé. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kò tíì gbéyàwó, kò sì bímọ.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí á ṣe ìrántí ọdún kan, Màmá pè mí sínú yàrá.

"Rẹ̀mí, ẹ má wulẹ̀ se oúnjẹ rẹpẹtẹ lọ́jọ́ náà nítorí tèmi," wọ́n ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ta orin tí bàbá yín fẹ́ràn, kí o wá pè mí ní ìparí rẹ̀ bí Ọlábọ̀dé ṣe máa ń pè mí."

"Mà á gbìyànjú, Màmá."

"Má gbìyànjú. Pè mí."

Bí wàhálà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin. Ọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ orin níbẹ̀ gbé pẹ́dà pupa kan sí mi lọ́wọ́. "Eléyìí ni gbogbo wọn ń lò, Máàmì. Ẹ máa gbàdúrà fún mi." Mo gbé e délé, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí ata nínú rẹ̀.

Màmá pariwo láti ilé ìdáná: "Rẹ̀mí! Ta ló ń lọ ata nínú yàrá?"

Mo ránṣẹ́ sí Èkó fún èkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́nà. Ohùn rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n sé mọ́ inú agolo. Kí n tó mọ bí mo ṣe lè tù ú lójú, iná mọ̀nàmọ́ná dé pẹ̀lú agbára ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì jó o.

Ẹ̀kẹta, yíyá ni mo yá a lọ́wọ́ Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí, onígìtá kan ní Òkè-Onígbìn. Èyí dùn. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ pe Màmá, "Àwẹ̀..." ló wí, ohùn sì kú. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀.

Mo yí kókó rẹ̀ síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Mo pààrọ̀ okùn gìtá. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́bàá ògiri, mo tún gbé e padà. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi débi pé mo ta èyí tí mo rà ní Ìlọrin nípàá, ó lọ bá ògiri. Kò fọ́. Ṣe ló tún ń kùn níbi tó bọ́ sí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ibi tí pẹ́dà gangan wà. Kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí mo jókòó. Ó wà nínú yàrá Ọlábọ̀dé tí wọ́n tì pa.

Ní ẹbí wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù òkú títí a ó fi pín ogún. Ẹ̀gbọ́n kì í sì í jogún àbúrò. Àbúrò ló ń jogún ẹ̀gbọ́n. Babátúnjí ni àbíkẹ́yìn wa, òun nìkan ni àbúrò tí Ọlábọ̀dé ní, Èkó ló sì wà. Kò ní lè wálé títí di ọjọ́ ìrántí, nítorí náà ẹbí sún pínpín ogún sí ọjọ́ kejì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ Bàbá Adétúnjí, àbúrò bàbá wa, tí í ṣe olórí ẹbí.

Mo lọ bá wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá pẹ́dà Ọlábọ̀dé lò lọ́jọ́ ìrántí. Mà á dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an."

Wọ́n wò mí títí. "Rẹ̀mílẹ́kún, ọdún mélòó lo fi ju Ọlábọ̀dé lọ?"

"Ọdún mẹ́jọ, Bàbá."

"Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ ju òkú lọ, tó wá ń wo ẹrù òkú náà, kí ni kí aráyé máa pè é?"

Wọ́n mi orí.

"Àgbà kì í jogún ọmọdé. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

N kò sọ fún wọn pé Màmá ló rán mi. Mo rò ó nínú ara mi pé, bí èmi ẹ̀gbọ́n bá lè gba irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ni wọ́n máa sọ sí ìyá tó bí ọmọ náà? Mo ṣe bí ẹni tó ń dáàbò bo ìyá rẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ikán wọ yàrá náà. Bàbá Adétúnjí fún Salaudeen ní kọ́kọ́rọ́ kó lọ wo àwọn ẹ̀rọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ Salaudeen nílé wa. Àtìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọdé ni òun àti Ọlábọ̀dé ti ń ṣọ̀rẹ́. Mùsùlùmí ni, àmọ́ òun ló máa ń ta gìtá ńlá tẹ̀lé Ọlábọ̀dé ní gbogbo òde ìnáwó. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Òmù-Àrán tó ti ń tún fóònù ṣe. Òun náà ló máa ń tún pẹ́dà yẹn ṣe nígbàkígbà tó bá dákẹ́.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó wá mi wá.

"Àǹtí, ẹ bá mi dúró níbẹ̀. Mi ò fẹ́ dá wọ yàrá òkú, káyé má baà rí nǹkan sọ."

A jọ wọlé. A gbọn ikán kúrò. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá lọ sínú oòrùn. Nígbà tó yá, ó wo aago.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sáré kírun Alásàrí. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ó lọ. Ó ku èmi nìkan. Pẹ́dà náà wà lórí fèrèsé, eruku ti bò ó, ìdérí ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lára rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé yíyá ni. Mo sọ fún ara mi pé mà á ti dá a padà kí wọ́n tó pín ogún. Mo sọ fún ara mi pé Babátúnjí kò mọ gìtá, yóò kàn tà á fún ẹlòmíràn ni. Ìgbà tí mo fi ń sọ gbogbo èyí, ọwọ́ mi ti gbé e. Mo fi í sínú àpò mi, láàárín ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Salaudeen padà dé, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ọlọ́hun á san yín lẹ́san, Àǹtí."

Mo dé yàrá tí mò ń gbé ní Òmù-Àrán, mo so ó mọ́ gìtá, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Ohùn burúkú ló jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe jalè? Mo wá rí i pé àwọn kókó rẹ̀ ti yí nínú àpò mi. Ọlábọ̀dé ti fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí kókó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró. Mo yí wọn padà sí ojú àmì. Mo ta okùn náà, mo tì í lọ sókè.

Àwẹ̀ró.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ẹkún fi tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wò ó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ohùn kan káàkiri. Nígbà tí mo wá rí i, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Babátúnjí fi pe Bàbá Adétúnjí lórí fóònù. "Bàbá, ẹ fi gbogbo ẹrù yòókù ta ẹbí lọ́rẹ. Pẹ́dà bọ̀ọ̀dá mi nìkan ni mo fẹ́. Owó iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà láyé mi ni mo fi rà á fún wọn."

N kò mọ̀. Ọlábọ̀dé kò sọ fún mi rí.

Bàbá ṣí yàrá. Wọn kò rí pẹ́dà. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Salaudeen.

"Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wàláì, mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀."

"Ìwọ lo máa ń tún un ṣe. Ìwọ lo mọ iye tó jẹ́. Ta ló tún fẹ́ mú un? Ewúrẹ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Salaudeen kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ara sì tù ú bó ṣe rí mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ara tù ú.

"Àǹtí ṣáà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi dúró. Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé ẹ rí i kí n mú nǹkan kan jáde?"

Gbogbo ilé kọjú sí mi.

"Mi ò fi ojú sí i," mo wí.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní òun ló jí i. Ṣùgbọ́n mo rí bí orí Salaudeen ṣe tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́yìn ọrùn.

"O ò gbọdọ̀ tún tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yìí mọ́," Bàbá Adétúnjí wí fún un.

Òmù-Àrán kò jìnnà sí Èsìé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà: ẹni tó ń jí ẹrù òkú, ṣé fóònù alààyè ló máa bọ̀wọ̀ fún? Àwọn oníbàárà dáwọ́ dúró. Mo máa ń kọjá ní iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, mo sì máa ń rí i níbi tó jókòó sí, irinṣẹ́ lọ́wọ́, láìsí ohun tó ń tún ṣe.

Qonitah ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ilé-ìwé. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó fi ìbòrí nu ojú.

"Àǹtí mi, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa. Wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ wa ní ọmọ ẹni tó ń jí ẹrù òkú ní ilé-kéwú."

"Ìyàwó, mo ti sọ ohun tí mo mọ̀."

Ó wò mí, kò sì tún fi ìbòrí nu ojú mọ́. "Ó dáa. Ẹ̀yin ni tíṣà. Ẹ ṣáà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fojú sílẹ̀."

Ó lọ. Mo padà síwájú bọ́ọ̀dù, n kò rántí ohun tí mò ń kọ́ wọn.

Mo lè dá a padà nígbà yẹn. Mo lè ju ú sí abẹ́ ibùsùn nínú yàrá náà kí wọ́n wá "rí i". Mo rò ó. Àmọ́ tí mo bá dá a padà, kí ni mà á fi pe Màmá?

Ìrántí ku ọ̀la. A lọ dánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi pẹ́dà Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ta orin náà. Mo pe Màmá. Wọ́n jókòó ní iwájú, wọ́n ń dúró.

"Ṣé o ti pè mí ni?" wọ́n bèèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ọ̀dà bàtà kun pẹ́dà Ọlábọ̀dé dúdú. Mo yọ ìdérí ọṣẹ ìfọyín, mo tú kókó kan lára èyí tí mo rà ní Ìlọrin, mo fi í síbẹ̀. Mo wò ó, mo ní kò sí ojú tó lè dá a mọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ojú kankan kò dá a mọ̀.

Mo ta orin bàbá wa. Ìjọ ń kọ ọ́ tẹ̀lé mi ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dákẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà. Mo ta okùn, mo tún ta á, mo tì í lọ sókè.

"Òo!" Màmá dáhùn. Wọ́n dìde dúró. "Ọlábọ̀dé! Òo!"

Ariwo ẹkún sọ. Mo gbójú sókè, mo rí Babátúnjí tó ti dìde ní ìlà kejì. Kò sunkún. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Sísítà, pẹ́dà bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn."

"Rárá o. Mo rà á ní Ìlọrin."

Nínú ilé Ọlọ́run ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ohùn kan jáde láti ojú fèrèsé. "Àǹtí."

Salaudeen ni. Wọ́n ti lé e kúrò nílé wa, ó wá dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì kó lè gbọ́ orin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò pariwo.

"Ẹ tú ìdí rẹ̀. Wáyà pupa kan wà nínú rẹ̀, láti ara fóònù tó bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Èmi ni mo jó o mọ́ ọn. Kò sí irú rẹ̀ ní Ìlọrin."

Babátúnjí kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó fi etí kọ́kọ́rọ́ tú àwọn ìdè tó wà nídìí rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Ó ń tú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà bàtà yí i lọ́wọ́. Nígbà tó ṣí i, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó gbé e sókè kí Bàbá Adétúnjí lè rí i.

Wáyà pupa.

"Rẹ̀mílẹ́kún," Bàbá wí. "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Màmá ló ní kí n pe àwọn bí Ọlábọ̀dé ṣe máa ń pè wọ́n."

"Ìyá rẹ ló rán ọ? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Bí ìyá bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ òun, ta ni èmi tí mà á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Mo wo ojú fèrèsé. Salaudeen ti lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, èmi àti Bàbá lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títì. Ó sáré ní kí Bàbá má dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó gbé àga fún wọn.

"Bàbá, mo ti fi jì yín. Wọ́n sọ nǹkan fún yín, ẹ gbà á gbọ́."

Ó wá kọjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ dìde, ilẹ̀ ń gbóná. Mo ti fi ji ẹ̀yin náà. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan. Torí kí irú èyí má ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ bá mi dúró. Mo ní, Àǹtí ni ẹlẹ́rìí tèmi."

"Mo mọ̀, Salaudeen."

"Kò burú."

Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Bàbá ní kí wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Salaudeen kò jí nǹkan kan. Wọ́n kéde rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́. Síbẹ̀, fóònù wọn ti mọ ọ̀nà ibòmíràn.

Pẹ́dà ṣeé dá padà, mo sì dá a padà. Ẹ̀rí tí mo fi du ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ ni n kò mọ bí a ṣe ń dá padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ tán pátápátá. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Èyí tí mo gbé lé ọrùn, ó ti lé ní ọdún kan.

Babátúnjí ti gbé pẹ́dà lọ sí Èkó. Ó ń pe Màmá lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Kì í bèèrè mi. Màmá kò tún ní kí n pe àwọn mọ́. Tí mo bá gbé gìtá, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ wo ohun tó wà lórí iná.

Salaudeen àti Qonitah kó lọ sí Òkè-Ọdẹ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń ta omi inú ọ̀rá báyìí ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láràárọ̀ tí mo bá ń lọ sí ilé-ìwé.